Iná Tí Mo Yàn Nítorí Ìyá Ìyàwó Mi

Ọdún méjìlá ni mo ti fẹ́ Nkandu kí ìyá rẹ̀ tó wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Chifubu, ní ìlú Ndola. Nínú ọdún méjìlá náà, n kò rí ojú ìyá náà rí. Mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ ìró aláwọ̀ ewé tí ó máa ń fà bo orí nígbà tí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Mo mọ ohùn rẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, rárá, nítorí pé ní àṣà wa, ọkọ ọmọ kì í rí ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ títí ìdílé ìyàwó yóò fi gbé oúnjẹ wá mú un wọlé, ìdílé wọn kò sì tíì mú mi wọlé. Àwọn ọkọ ọmọ tí wọ́n gbéyàwó lẹ́yìn mi ti jẹ oúnjẹ ìmúwọlé tiwọn. Ìyá ìyàwó wọn ti ṣí ojú sí wọn, wọ́n sì ti ń kí ara wọn bí ènìyàn. Èmi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Iná ló fà á. Mo fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí, kí n má baà fi nǹkan kan kún un. Ní ọdún tí a ṣègbéyàwó, mo lọ sí Luanshya láti fa wáyà sí ilé Ìyá Nkandu, nítorí pé ọkọ ọmọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn àna rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá náà jókòó sí ilé aládùúgbò kí a má baà pàdé. Wáyà tí ó nípọn tó ni mo lò, mo sì fi fíùsì tí ó yẹ sí i. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá wò ó, ó ní kò sí àbùkù. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, nígbà tí Nkandu lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, yàrá ẹ̀yìn ilé náà jóná. Ìyá Nkandu jáde sí ojúde, ó ní wáyà àna òun ló jó ilé òun.

Mo bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé wo ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ṣé orí mi pé, ta ló máa ń wọ yàrá ìyá ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì mú un wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rẹ́ ògiri náà, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, tí ẹ̀rí mi sì wà lábẹ́ ọ̀dà. Luanshya kò jìnnà sí Ndola. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tí wọ́n ti bẹ̀ mí níṣẹ́ ti wá gba wáyà wọn padà. Láti ìgbà náà, gílóòbù ni mo ń tà nínú ìsọ̀ kékeré kan ní ọjà Chifubu. Ẹni tí ó máa ń fa iná sí odidi ilé wá di ẹni tí ó ń ta gílóòbù ẹyọ kọ̀ọ̀kan. N kò gbàgbé.

Ọdún tí ó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Ìyá Nkandu ní ilé ìwòsàn ní Ndola. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìlú fún oṣù mẹ́ta, nítorí náà wọ́n gbé e wá sí ilé mi. Ó ní ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ àbígbẹ̀yìn, Mumba, tí ó ń ka ìròyìn ní èdè wa lórí tẹlifíṣọ̀n ní Lusaka, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọmọ náà fi gba iṣẹ́ yìí, ojú ìyá rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Kò rí i lórí tẹlifíṣọ̀n rí. Ohun kan ṣoṣo tí ó ní òun fẹ́ fi ojú tuntun náà wò nìyẹn, ó sì tún un sọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi sú mi.

Tẹlifíṣọ̀n kan péré ni a ní, nínú pálọ̀, níbi tí mo máa ń jókòó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ṣe bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe: Nkandu á pa iná, èmi á kọjú sí ara ògiri, ìyá rẹ̀ á rọra wọlé, á jókòó sórí ẹní lẹ́yìn mi. Òkùnkùn kì í rú òfin. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ń dá ojú náà lóró. Omi ń dà lójú rẹ̀. Kò lè tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí Nkandu mú un lọ fún àyẹ̀wò, ó padà wá bá mi ní ìsọ̀.

“Bàbá Katongo,” ó pè mí, nítorí Katongo ni ọmọ wa, tí ó wà nílé ìwé ní Kasama. “Nọ́ọ̀sì ní kí a má wo tẹlifíṣọ̀n nínú òkùnkùn mọ́. Ó ní kí a tan iná díẹ̀, kó má kàn jẹ́ èyí tó máa tàn sójú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ yan èyí tó dára.”

Mo mọ̀ nípa rẹ̀ lóòótọ́. Èyí tí ó dára kò tóbi ju àtàǹpàkò méjì lọ: gílóòbù pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin, tí a óò fi sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kí ó kọjú sí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ á ti ara ògiri padà wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́; ojú á sinmi, gíláàsì á mọ́, ojú ènìyàn á sì wà nínú òjìji. Ó wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì mi. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo mú iná gbọọrọ funfun tí àwọn tí ń ta ẹran máa ń rà fún ìsọ̀ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gun àkàbà, mo sì kàn án mọ́ àárín àjà pálọ̀. Mo tàn án. A rí eruku abẹ́ àga. A rí ibi tí aláǹgbá ti yàgbẹ́ sí lára ògiri.

“Ẹ̀yin náà!” ni Nkandu kígbe. “Iná yìí kọ́ ni wọ́n ní kí ẹ rà o. Èèrà á máa rìn nílẹ̀, a ó máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀.”

“Nọ́ọ̀sì ní kí iná wà. Iná wà.”

Ìyá rẹ̀ ti ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ náà bà á. Mo gbọ́ ìró aṣọ rẹ̀ bí ó ti ń fà á bo orí, tí ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn padà. Mo wo iwájú. N kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi tutù bí ẹni tí ó mu omi àmù.

“Nkandu!” ni ohùn náà wí láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ṣé ilé ọkọ rẹ ni mo wà, àbí pápá òfurufú? Bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, ẹ sọ fún mi kí n yà kúrò lọ́nà.”

“Ìyá Katongo,” ni mo wí, “bá mi sọ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ojú aláìsàn ni mò ń tọ́jú.”

“Bá mi sọ fún àga pé ó ṣeun. Sọ fún un pé mo ti rí bí ó ṣe ń tọ́jú nǹkan. Mo ní ògiri kan ní Luanshya tó lè jẹ́rìí.”

Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ló mú mi dìde. Mo mú Nkandu lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sọ fún un láìpariwo pé gbólóhùn kan ni mo fẹ́. Kí ìyá rẹ̀ sọ níwájú Bàbá Sampa, tí ó jẹ́ arákùnrin rẹ̀ àti olórí ìdílé wọn, pé kì í ṣe wáyà mi ló jó ilé náà. Lọ́jọ́ tí ó bá sọ ọ́, lọ́jọ́ náà ni n óò yọ iná funfun náà kúrò.

Nkandu wo ilẹ̀. “Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́, Bàbá Katongo.”

“Ó pẹ́ lójú ẹni tí kò jóná.”

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé lọ. Mo rò pé ìtìjú ìyá rẹ̀ ló mú un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tan iná náà. Kí n má purọ́, èmi pàápàá kò rí nǹkan kan wò dáadáa. Iná náà bọ́ sójú gíláàsì, ó dúró síbẹ̀ bí ọ̀pá funfun, ó sì gba àárín iwájú orí Mumba kọjá. Bí mo bá tẹ ọrùn sí ọ̀tún, mo rí etí rẹ̀ kan. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí òsì, mo rí ìkejì. Orí ń fọ́ mi ní alaalẹ́. Síbẹ̀, bí aago mẹ́fà bá ti ń lù, mo ti jókòó, mo ti tàn án, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láìrí i.

“Aṣọ wo ló wọ̀ lónìí?” ni yóò béèrè.

“Aláwọ̀ òfeefèé, Màmá,” ni Nkandu yóò dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

“Ó ti sanra?”

“Díẹ̀.”

“Díẹ̀ báwo? Ṣé ọrùn rẹ̀ ṣì gùn?”

Ní ọjọ́ tí ó béèrè èyí, Nkandu kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì lọ sí ilé ìdáná. Mo jẹ́wọ́ pé ó dùn mọ́ mi. Mo rántí ọjọ́ tí ọ̀gbẹ́ni kan ní Masala mú mi sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, tí àwọn ọmọdé ń kígbe pé kí n má jó wọn o. Mo sì rọra gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀.

Ohùn tí mo gbé wálẹ̀ yìí ni mo rò pé ó fa ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Sampa dé láti Luanshya. Ó jókòó, ó mu omi, ó pa ojú dé díẹ̀ nítorí iná náà.

“Àna,” ni ó wí, “ṣé ọjà ẹran lẹ fẹ́ ṣí síbí?”

“Ojú Màmá ni, Bàbá.”

“Mo gbọ́. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò gùn. Àbúrò mi ní òun ti ṣetán. Sátidé tó ń bọ̀, a ó mú yín wọlé. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn yín.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo ti ń retí fún ọdún méjìlá wọlé wá lójijì, ó sì jókòó sórí àga mi. Nígbà tí ó lọ tán, mo wo Nkandu pé kí a jọ yọ̀. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń fọ̀, ó sì ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ lu ú já.

Ní Sátidé, kí òòrùn tó dé àárín ọ̀run, àwọn obìnrin ìdílé wọn dé pẹ̀lú orin, àwo bo àwo lórí wọn. Wọ́n gbé nshima, tùwó àgbàdo wa, wá, wọ́n gbé odidi adìyẹ, ẹja ńlá, ewébẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀pà sè, ẹ̀wà àti olú. Ìyá àgbà kan ń ṣí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi: èyí ní kí o má fi ebi pa ọmọ wa, èyí ní bí inú bá bí ọ kí o bu omi mu. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ańtí Kaluba, àbúrò bàbá mi, ni ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Chifubu tí kì í gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn èyí, Ìyá Nkandu wọlé, ó sì ṣí aṣọ kúrò lórí.

Ojú tí mo ti ń bínú sí fún ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i. Ojú kékeré ni. Àmì dúdú kan wà lábẹ́ ojú òsì, omi ṣì ń sun díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Mo ti rò pé yóò tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Àna mi,” ni ó wí, “ẹ kú ìjókòó.”

“Ẹ kú àbọ̀, ìyá.”

Nkandu kúnlẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú abọ́ omi kí n fọ ọwọ́. Bàbá Sampa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ẹ fọwọ́, kí ẹ jẹun. Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé bí oúnjẹ yìí bá ti wọ ọ̀fun, ohun àtijọ́ ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í hú u mọ́ láéláé.”

Ìgbà náà ni ó yé mi. Ìyá Nkandu kò jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Adìyẹ àti ẹja ni ó fẹ́ fi dí mi lẹ́nu. Bí mo bá ti gbé òkèlè kan mì, ọ̀rọ̀ wáyà ti kú, orúkọ mi yóò wà lábẹ́ ọ̀dà títí ayé, òun yóò sì ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sí pálọ̀ mi bí ó ti wù ú, iná funfun tàbí iná pupa. Mo wò ó. Ó ń wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Mo fa ọwọ́ mi padà kúrò lórí abọ́ náà.

“Bàbá Sampa,” ni mo wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N óò jẹun. Ṣùgbọ́n kí n tó jẹ, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó jó ilé Luanshya.”

Àwọn obìnrin wo ojú ara wọn. Ẹnì kan ní, “Háà.”

“Àna mi,” ni Ìyá Nkandu wí, “oúnjẹ ń tutù.”

“Kó tutù.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ ti fi pa ọmọ mi mọ́ mi lójú. Mo jókòó sórí àpótí bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Ẹ ò tíì yó?”

“N kò tíì yó, ìyá. Ọdún mọ́kànlá lẹ̀yin fi jẹ tèmi.”

Ó yí sí Bàbá Sampa. “Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Mo se adìyẹ fún un, egungun ló ń wá.” Ó tún yí padà sí mi, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. “Ẹ jẹun, Bàbá Katongo. Mo bẹ̀ yín. Nítorí ara yín ni.”

“Ẹ sọ ọ́.”

“Ó dáa. Ẹ bi ẹni tó gbé omi dání fún yín.”

Mo wo abọ́ náà. Nkandu ni ó gbé e dání.

“Áyọ́ọ̀nù ni,” ni Nkandu wí. Kò gbé orí sókè. “Mo ń lọ aṣọ Katongo. Ó ké. Mo lọ gbé e, oorun sì gbé mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

“Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Katongo nígbà náà,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ìyá rẹ̀ kò tíì sùn láti ọjọ́ tó bí i. Èmi ni mo fa àwọn méjèèjì jáde nínú èéfín. Ańtí yín yìí tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà,” ó na ọwọ́ sí Ańtí Kaluba, “ti ń sọ kiri pé ọmọ mi ọ̀lẹ ni, pé kí ẹ dá a padà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ọmọ yín jóná ńkọ́? Mo rò ó. Orúkọ yín wà níbẹ̀, orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo jù ú sínú iná.”

“Tèmi.”

“Tiyín. N kò bẹ̀bẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn, n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún un lónìí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n!” ni Ańtí Kaluba wí lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ̀n-ẹ́n-ẹ́n!”

Bàbá Sampa gbé ọwọ́ sókè. “Àna, ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Kò sí wáyà yín níbẹ̀. Èmi gẹ́gẹ́ bí olórí ìdílé, mo sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ yín. Ṣé kó kú sínú pálọ̀ yìí?”

Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti parí. Ọ̀rọ̀ ìmúwọlé kì í jáde bí ẹni tí a mú wọlé bá ní kí ó má jáde. Ańtí Kaluba pàápàá kò jẹ́ dán an wò. Nkandu gbé ojú sókè sí mi nígbà náà. Ó ti mọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ó ti bá mi ka iye ìsọ̀ tí kò fún mi níṣẹ́, ó ti fi epo pa mí léjìká nígbà tí mo bá ti ibi ìtìjú dé, ó sì ti mọ̀.

N kò sọ pé kí ó kú. N kò sọ pé kí ó yè. Mo ki ọwọ́ bọ omi, mo fọ̀ ọ́ dáadáa, ọwọ́ kan lẹ́yìn èkejì, mo sì bu òkèlè. Nígbà tí n óò fi gbé e mì, àga Ańtí Kaluba ti ṣófo.

Kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Chifubu ti gbọ́, Masala ti gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni tí ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé wá sí ìsọ̀ mi, ó bọ́ fìlà, ó ní ilé kan wà tí òun ń kọ́, bóyá n óò bá òun fa wáyà rẹ̀. Èkejì dé ní Ọjọ́bọ̀. Mo dá wọn lóhùn bí ọ̀gá, mo jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ kí n tó gbà. Ní ọjọ́ kan náà, Nkandu lọ pọn omi, àwọn obìnrin ẹ̀rọ omi sì kí i: “Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ ti pa á kí ẹ tó jáde?” Ó padà dé pẹ̀lú korobá tí kò kún dé àárín. Kò sọ fún mi. Ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tún gun àkàbà, mo yọ iná funfun. Mo mú gílóòbù pẹlẹbẹ náà wá, mo fi í sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ìgbà mẹ́ta ni mo sún un kí ó tó bọ́ sí àyè, nítorí bí ó bá sún mọ́ ògiri jù, ìmọ́lẹ̀ á kó jọ síbì kan; bí ó bá jìnnà jù, á yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, á gún ojú. Nígbà tí mo parí rẹ̀, pálọ̀ náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti igun dé igun, gíláàsì tẹlifíṣọ̀n sì dúdú, kò sí òjìji kan lójú rẹ̀. N kò rò pé mo ti ṣe iná tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Nkandu wọlé láìbo orí, ó jókòó sórí àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Aago mẹ́fà lù. Mumba yọ, ó kí àwọn ará ìlú. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú.

“Imú bàbá rẹ̀ ló gbé,” ni ó wí níkẹyìn. “Ẹ wò ó. Imú bàbá rẹ̀ gan-an.”

“Ṣé ojú kò ro yín?”

“Kò ro mí. Ẹ mọ iṣẹ́ yín, àna mi. Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́.”

Àga kẹta wà níbẹ̀. Mo yí ọrùn sí ọ̀nà ilé ìdáná.

“Ìyá Katongo,” ni mo pè, “àbúrò rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wá wò ó, ó mọ́ kedere.”

Mo gbọ́ tí ó gbé ọmọrí ìkòkò kan, tí ó sì tún fi í dé e.

“Ẹ máa wò ó,” ni ó wí. “Mo ń gbọ́ ọ níbí.”